Orogún Tí Ń Fa Ọ̀pá Lé Ara Wọn Lọ́wọ́

Nínú èdè wa, bí a bá fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹni méjì tí ń du ohun kan náà lábẹ́ òrùlé kan náà, ọ̀rọ̀ tí ó kọ́kọ́ ń wá sí wa lẹ́nu ni orogún. Àwọn ìyàwó ilé ni a dá orúkọ náà fún, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí ó ti jáde kúrò nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn. Oníṣòwò méjì tí wọ́n kọ ojú ìsọ̀ sí ara wọn, òṣèlú méjì nínú ẹgbẹ́ kan, onílù méjì lábẹ́ ọ̀gá kan, orogún ni a ń pe gbogbo wọn. Ohun tí ó ya orogún sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀tá ni pé ọ̀tá ń gbé ní òdìkejì odò, ṣùgbọ́n inú agbo-ilé kan náà ni orogún ẹni ń gbé. Ọ̀tá lè borí ẹni kí ó sì máa bá tirẹ̀ lọ. Bí orogún bá borí ẹni, ìkòkò ọbẹ̀ kan náà ni ẹ óò tún jọ yọ́wọ́ sí ní alẹ́ ọjọ́ náà. Mo ti ń ro ọ̀rọ̀ yìí fún ìgbà pípẹ́, kì í sì í ṣe nítorí àwọn ìyàwó ilé, bí kò ṣe nítorí àwọn tí ń sáré ìje.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo òkè òkun, nínú ìdíje kẹ̀kẹ́ gígùn, níbi tí ọ̀rọ̀ náà ti hàn kedere jù lọ. Ìdíje tí ó lókìkí jù nínú wọn ni Tour de France, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1903. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni ó ń gbà, ojoojúmọ́ ni wọ́n sì ń sáré láti ìlú kan dé òmíràn. Ẹni tí kò bá mọ eré náà yóò rò pé olúkúlùkù ni ó ń gun kẹ̀kẹ́ tirẹ̀ fún ara rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Afẹ́fẹ́ ni ọ̀tá agunkẹ̀kẹ́. Ẹni tí ó wà níwájú ni ó ń fi àyà la afẹ́fẹ́, ẹni tí ó fara pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀ kò sì ní í lo agbára tó o. Nítorí náà, ẹgbẹ́ tí ó bá ní ẹnìkan tí eré rẹ̀ le ní ìparí ọ̀nà yóò to àwọn yòókù síwájú rẹ̀, wọn yóò máa fà á lọ bí ọkọ̀ ojú irin, wọn yóò sì máa yà kúrò lọ́nà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí ẹni tí ó kẹ́yìn yóò fi yà fún un nígbà tí ó bá ku bí igba mítà. Ẹni tí ó fa ọ̀gá wá kò ní í gba òdòdó ní orí pèpéle.

Ní ọdún 2009, ní ọjọ́ tí ìdíje náà parí sí ìlú Paris, Mark Cavendish ará Britéènì ni ó kọ́kọ́ dé, Mark Renshaw ọmọ Ọsirélíà tí ó fà á wá ni ó sì ṣe ìkejì, nítorí pé wọ́n ti jìnnà sí àwọn yòókù débi pé ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ti parí pàápàá kò rí ẹni tí yóò kọjá lára òun. Ìyẹn ni ẹwà ìfọwọ́sowọ́pọ̀. Ṣùgbọ́n nínú ẹgbẹ́ kan náà, asáréje mìíràn wà tí ń jẹ́ André Greipel, ọmọ Jámánì. Eré tirẹ̀ náà le. Ẹgbẹ́ kan kò lè to ọkọ̀ ojú irin méjì ní ọjọ́ kan ṣoṣo, Cavendish ni wọ́n sì ń mú lọ sí Tour de France. Greipel a máa lọ gba ipò kìn-ín-ní níbòmíràn, ṣùgbọ́n ní oṣù Keje, ilé ni ó ń jókòó sí. Nígbà tí ọdún 2011 yóò fi wọlé, ó ti kó ẹrù rẹ̀ lọ sí ẹgbẹ́ mìíràn ní Bẹ́ljíọ̀mù. Ní ọjọ́ 12 oṣù Keje ọdún náà, ní ìlú Carmaux ní ilẹ̀ Faransé, ó na Cavendish ní ojúkojú. Orogún ní láti kúrò nínú ilé kí ó tó ní ilé tirẹ̀.

Ilẹ̀ Áfíríkà náà ti wọ inú ìtàn yẹn báyìí. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Keje ọdún 2024, Biniam Girmay, ọmọ Èrìtíríà, ni ó kọ́kọ́ wọ ìlú Turin, ó sì di aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ láti ilẹ̀ Áfíríkà tí ó borí ní ọjọ́ kan nínú ìdíje náà. Kí wọ́n tó parí, ó ti borí ní ẹ̀ẹ̀mẹta, ó sì gba aṣọ àwọ̀ ewé tí wọ́n ń fún ẹni tí ó bá kó àmì jọ jù ní ìparí ọ̀nà.

Èmi tí mo ń kọ èyí, Àtàn-Ọ̀tà ni mo ń gbé, níbi tí ọ̀nà Ìdírókò ti pàdé ọ̀nà tí ó gba Lùsadà lọ sí Agbára. Kẹ̀kẹ́ kì í ṣe àjèjì sí wa. Nígbà kan, kẹ̀kẹ́ ni àgbẹ̀ fi ń kó iṣu, òun ni adẹ́mu fi ń gbé agbè, òun náà sì ni àwọn onífàyàwọ́ fi ń gba ọ̀nà ẹsẹ̀ wọlé láti ẹnu ibodè. Ṣùgbọ́n ohun iṣẹ́ ni, kì í ṣe ohun ìje. Lóde òní, ọ̀kadà ti gba ipò rẹ̀, ẹni tí ó bá sì ní òun fẹ́ máa fi kẹ̀kẹ́ ṣe eré ìje láàrin àwọn ọkọ̀ àjàgbé tí ń ko ẹrù jáde ní àwọn ilé-iṣẹ́ Sàngó àti Agbára, ẹbí rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ dá a dúró. Ìdíje kẹ̀kẹ́ kò tíì rí ìtọ́jú tó ní orílẹ̀-èdè wa. Ní ìdíje Òlíńpíìkì ti Paris ní ọdún 2024, nígbà tí àyè àìròtẹ́lẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún Ese Ukpeseraye láti kópa nínú eré orí pápá kẹ̀kẹ́, kẹ̀kẹ́ tí ó yẹ fún eré náà kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn ará Jámánì ni ó ti yá èyí tí ó gùn. Ó gùn ún, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ẹni tí ó ń yá kẹ̀kẹ́ gùn kò tíì ní ọkọ̀ ojú irin tí yóò fà á.

Bí a bá fẹ́ rí orogún tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ kan náà láàrin àwọn asáréje tiwa, orí ẹsẹ̀ ni a ó ti wá wọn, nínú eré tí ènìyàn mẹ́rin ti ń gba ọ̀pá lọ́wọ́ ara wọn. Àwọn ọmọ ilé-ìwé ń pè é ní rilé. A kò lè pè é ní eré ọlọ́pàá, kí àwọn agbófinró má baà rò pé tiwọn ni. Eré àtagbà ni n óò máa pè é níhìn-ín, nítorí pé títa àti gbígbà ni gbogbo rẹ̀.

Kò sí ẹni tí ó dàgbà ní agbègbè yìí tí kò mọ̀ ọ́n. Ní àkókò ìdíje láàrin ilé kan sí èkejì ní ilé-ìwé, a ó fi ẹfun tàbí eérú fa ìlà sí orí pápá, aláwọ̀ pupa, aláwọ̀ ewé, aláwọ̀ ọ̀run àti aláwọ̀ òféèfé yóò tò sí ẹgbẹ́ wọn, eré àtagbà ni a ó sì fi kásẹ̀ gbogbo rẹ̀ nílẹ̀. Mo ti ṣe olùkọ́ tí ń to àwọn ọmọ fún eré yìí rí. Ohun tí ó máa ń gba àkókò jù lọ kì í ṣe wíwá àwọn tí ẹsẹ̀ wọn yá. Ariyanjiyan nípa ẹni tí yóò gba ọ̀pá ìkẹyìn ni. Gbogbo ọmọ ni ó fẹ́ gba ìkẹyìn, nítorí òun ni àwọn òbí yóò rí nígbà tí ó bá ń já okùn. Ọmọ tí ó sáré kẹta, ní ẹ̀yìn igi máńgòrò lọ́hùn-ún, ìyá rẹ̀ pàápàá lè má mọ̀ pé ó sáré.

Bí mo bá fẹ́ kí àwọn ọmọ náà ní òye, ilé-iṣẹ́ ni mo fi ń ṣe àpẹẹrẹ fún wọn, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn bàbá wọn ni ó ń ṣe ṣíìfù. Láti nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn tí àwọn ilé-iṣẹ́ ti pọ̀ sí Ọ̀tà, ẹ̀rọ kan wà tí a kì í pa. Àwọn ti òwúrọ̀ ń fà á lé àwọn ti ọ̀sán lọ́wọ́, àwọn ti ọ̀sán ń fà á lé àwọn ti òru. Àwọn ṣíìfù wọ̀nyí kì í fẹ́ràn ara wọn: wọ́n ń ka iye tí ara wọn ṣe, wọ́n ń di ẹ̀bi ẹ̀rọ tí ó bàjẹ́ ru ara wọn. Síbẹ̀, ní ìwọ̀nba ìṣẹ́jú tí ọ̀kan ń lọ tí èkejì ń bọ̀, ẹni tí ń lọ gbọ́dọ̀ sọ fún ẹni tí ń bọ̀ ohun tí ẹ̀rọ náà ń ṣe àti ibi tí ó ti ń gbóná. Bí ó bá fi ìkórìíra pa ẹnu mọ́, ọwọ́ ẹlòmíràn ni ẹ̀rọ yóò gé.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ti rí lórí pápá. Ọ̀pá náà kò ju 30 sẹ̀ǹtímítà lọ ní gígùn, kò sì gbọdọ̀ fúyẹ́ ju gíráàmù 50 lọ. Nínú eré 4 x 100 mítà, ibi tí a ti gbọ́dọ̀ pààrọ̀ rẹ̀ jẹ́ 20 mítà péré, pẹ̀lú 10 mítà níwájú rẹ̀ tí ẹni tí yóò gbà á lè fi bẹ̀rẹ̀ eré. Láti ìparí ọdún 2017 ni wọ́n ti pa méjèèjì pọ̀ sí 30 mítà. Ẹni tí yóò gba ọ̀pá kì í wo ẹ̀yìn. Ó ti fi àmì kan sí ilẹ̀. Bí ẹsẹ̀ ẹni tí ń bọ̀ bá ti kan àmì náà, òun náà yóò ki eré mọ́lẹ̀ tagbáratagbára, yóò sì na ọwọ́ sẹ́yìn nígbà tí ó bá gbọ́ igbe. Ọwọ́ òfìfo ni ó nà, sí ibi tí ojú rẹ̀ kò tó. Bí ó bá tètè lọ jù, ọ̀pá kò ní í bá a. Bí ó bá pẹ́, ẹni tí ń bọ̀ yóò gun un mọ́lẹ̀. Èyí ni ìdí tí ẹni mẹ́rin tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lè sáré 100 mítà ní ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá ó lé díẹ̀ fi lè parí 400 mítà ní ohun tí kò tó méjìdínlógójì: mẹ́ta nínú wọn ti wà lórí eré kí ọ̀pá tó kàn wọ́n.

Ọ̀pá kì í ṣe ohun kékeré lójú Yorùbá. Nígbà tí ọba bá rán ìránṣẹ́ sí ìlú mìíràn láyé àtijọ́, ọ̀pá ọba ni ó ń mú dání, òun ni àwọn tí a rán an sí fi ń mọ̀ pé ọba ni ó sọ̀rọ̀. Ìránṣẹ́ lè gbọ́n jù, ó lè sáré jù, bí ọ̀pá kò bá sí lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ni ó ń sọ. Lórí pápá náà, ẹni tí ó bá já okùn láìsí ọ̀pá lọ́wọ́ kò dé. Ikọ̀ ni a ń pe ẹgbẹ́ eléré ìdárayá lónìí, ikọ̀ náà ni a sì ń pe àwọn tí ọba rán níṣẹ́. Mo rò pé ẹni tí ó kọ́kọ́ lo ọ̀rọ̀ náà fún eléré ìdárayá mọ ohun tí ó ń ṣe.

Orílẹ̀-èdè wa ti ń jẹ́ iṣẹ́ ọ̀pá yìí kí ó tó gba òmìnira. Ní ìdíje àwọn orílẹ̀-èdè abẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Cardiff ní ọdún 1958, àwọn ọkùnrin wa gba fàdákà nínú eré àtagbà kúkurú. Ní Los Angeles ní ọdún 1984, Sunday Uti, Moses Ugbisie, Rótìmí Peters àti Innocent Egbunike gba idẹ nínú 4 x 400 mítà. Ṣùgbọ́n Barcelona, ní ọdún 1992, ni mo fẹ́ kí á dúró sí.

Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹjọ ọdún náà, ẹni mẹ́jọ ni ó tò sí àṣekágbá 100 mítà àwọn ọkùnrin. Méjì nínú wọn jẹ́ ọmọ Nàìjíríà: Ọlápàdé Adeniken, tí a bí ní Òṣogbo, àti Davidson Ezinwa, tí òun àti Osmond jẹ́ ìbejì. Adeniken ṣe ipò kẹfà pẹ̀lú 10.12, Ezinwa ṣe ìkẹjọ pẹ̀lú 10.26. Linford Christie ọmọ Britéènì ni ó gba wúrà. Ní ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn èyí, ní àṣekágbá 200 mítà, ọmọ Nàìjíríà méjì ni ó tún wà níbẹ̀: Adeniken ṣe ìkarùn-ún, Olúyẹmí Káyọ̀dé ṣe ìkeje. Ẹ kíyè sí i pé kì í ṣe pé wọ́n jọ lọ síbẹ̀ láti ran ara wọn lọ́wọ́. Olúkúlùkù ni ó wà nínú ìlà tirẹ̀, tí ó ń gbàdúrà kí èkejì má ṣe kọjá òun.

Nígbà tí ó di ọjọ́ 8 oṣù Kẹjọ, a pe àwọn orogún wọ̀nyí sí orí ọ̀pá kan ṣoṣo. Káyọ̀dé ni ó bẹ̀rẹ̀. Ó fún Chidi Imoh, ẹni tí ó dàgbà jù nínú wọn. Imoh fún Adeniken, Adeniken fi lé Davidson Ezinwa lọ́wọ́. Amẹ́ríkà, tí Carl Lewis bá wọn parí rẹ̀, sáré 37.40, èyí tí ẹnikẹ́ni kò sáré rí nígbà náà. Nàìjíríà sáré 37.98. Kúbà ṣe ìkẹta pẹ̀lú 38.00. Ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú-àáyá ni ó wà láàrin fàdákà àti idẹ, kò tó ìṣẹ́jú ojú. Ẹni tí ó ṣe ìkẹjọ nínú mẹ́jọ ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ni wọ́n fi ọ̀pá ìkẹyìn lé lọ́wọ́, ẹni tí ó ṣe ìkẹfà ni ó sì fi lé e. Mo máa ń ronú lórí èyí. Bí ó bá jẹ́ ní pápá ilé-ìwé wa ni, ẹni tí ó ṣáájú ìbá ní òun ni yóò gba ìkẹyìn, a ìbá sì fi ariyanjiyan pàdánù fàdákà. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tí ó mọ kọ́ńà í yà ju èyí tí ó mọ ọ̀nà tààrà lọ níyì ní ipò kẹta, Adeniken tí ó wọ àṣekágbá 200 mítà sì mọ kọ́ńà í yà dáadáa.

Ní ọjọ́ kan náà, àwọn obìnrin wa, Beatrice Utondu, Faith Idehen, Christy Opara-Thompson àti Mary Onyali, sáré 42.81, wọ́n sì gba idẹ, àmì-ẹ̀yẹ Òlíńpíìkì àkọ́kọ́ tí ọwọ́ obìnrin Nàìjíríà tẹ̀.

Kí ni ó mú kí àwọn tí ń sáré dáadáa pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ní àkókò kan náà? Èrò tèmi ni pé ìfigagbága gan-an ni. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga ní Amẹ́ríkà ń fún àwọn ọ̀dọ́ wa ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ nítorí ẹsẹ̀ wọn. Imoh lọ sí Missouri, Adeniken lọ sí El Paso ní Texas, àwọn ìbejì Ezinwa lọ sí Azusa ní California. Wọ́n tú káàkiri bí ọmọ orogún tí a fi sí ọ̀dọ̀ ìyá àgbà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, olúkúlùkù sì ń gbọ́ ohun tí èkejì ṣe. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1994, Adeniken sáré 9.95 ní El Paso. Kí oṣù mẹ́ta tó pé, Davidson Ezinwa sáré 9.94 ní Linz ní ilẹ̀ Ọ́sítríà. Ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún! Bí Adeniken kò bá sáré tirẹ̀, ta ni ó mọ̀ bóyá Ezinwa ìbá sáré tirẹ̀? Káyọ̀dé kò pẹ́ láyé tó láti bá wọn du ìyẹn. Ọdún 1994 yìí kan náà ni ìjàm̀bá ọkọ̀ pa á ní Amẹ́ríkà, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n.

Láàrin àwọn obìnrin, ìfigagbága náà tún jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìpínlẹ̀ Ògùn wa yìí sì ní ọwọ́ nínú rẹ̀. Òde-Lẹ́mọ, ní ẹ̀gbẹ́ Ṣágámù, ni Falilat Ògúnkọ̀yà ti wá. Ní ọdún 1986, ní ìdíje àgbáyé ti àwọn ọ̀dọ́ ní Athens, òun ni ó ṣe ipò kìn-ín-ní nínú 200 mítà, Mary Onyali ni ó sì ṣe ìkejì. Àwọn méjèèjì kò fi ọ̀nà fún ara wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní ìkẹyìn, Ògúnkọ̀yà gbé eré tirẹ̀ lọ sí 400 mítà, Onyali sì dúró sí 100 àti 200. Mo mọ àwọn tí ń sọ pé Onyali ni ó lé e kúrò níbẹ̀. Bí ó bá tilẹ̀ rí bẹ́ẹ̀, kí á dúpẹ́ pé ó lé e, nítorí pé ní Atlanta ní ọdún 1996, Onyali gba idẹ nínú 200 mítà, Ògúnkọ̀yà náà sì gba idẹ nínú 400 mítà, ní 49.10. Kò sí obìnrin Áfíríkà tí ó sáré tó bẹ́ẹ̀ rí nígbà náà, àmì náà sì dúró fún ohun tí ó lé ní ọdún 25. Nínú àṣekágbá 400 mítà yẹn kan náà, Fátímà Yusuf, ọmọ ìpínlẹ̀ Oǹdó, ṣe ìkẹfà.

Lẹ́yìn náà ni àwọn orogún méjèèjì yìí wá pàdé lórí ọ̀pá. Bísí Afọlábí ni ó bẹ̀rẹ̀ 4 x 400 mítà, ó fún Yusuf, Yusuf fún Charity Opara, Opara fún Ògúnkọ̀yà. Amẹ́ríkà sáré ìṣẹ́jú mẹ́ta àti ìṣẹ́jú-àáyá 20.91. Tiwa jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́ta àti 21.04, ti Jámánì jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́ta àti 21.14. Ẹ jẹ́ kí á fi òye wò ó: lẹ́yìn 1,600 mítà, orílẹ̀-èdè mẹ́ta wà nínú ohun tí kò tó ìdámẹ́rin ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí ọ̀kan nínú àwọn obìnrin mẹ́rin yìí bá ti fi ìbínú ọjọ́ kan kọsẹ̀ níbi ìpààrọ̀, fàdákà ìbá di ti ẹlòmíràn.

Níhìn-ín ni mo ti rò pé eré àtagbà ní òdodo ju ìdíje kẹ̀kẹ́ lọ. Renshaw fa Cavendish dé Paris, orúkọ Cavendish ni ó wà nínú ìwé àwọn tí ó borí ní ọjọ́ yẹn. Greipel tí ó jókòó sílé kò ní ipa kankan nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ Afọlábí, tí ó kọ́kọ́ di ọ̀pá mú, wà ní ẹ̀gbẹ́ orúkọ Ògúnkọ̀yà, fàdákà kan náà ni wọ́n sì fi kọ́ ọrùn wọn. Ẹni tí ó sáré ní ẹ̀yìn igi máńgòrò kò sọnù.

Òdodo yìí ní iye owó tí a ń san fún un. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ìka kan bá tọ́ epo, a ran àwọn yòókù. Ní Athens ní ọdún 1997, Osmond Ezinwa, Adeniken, Francis Obikwelu àti Davidson Ezinwa gba fàdákà àgbáyé. Kí wọ́n tó dé àṣekágbá, wọ́n ti sáré 37.94, èyí tí kò sí orílẹ̀-èdè Áfíríkà tí ó bò ó mọ́lẹ̀ títí Gúúsù Áfíríkà fi ṣe é ní ọdún 2019. Ní ọdún méjì lẹ́yìn èyí, ní Seville, àwọn ọkùnrin wa sáré 37.91, wọ́n sì gba idẹ. Ṣùgbọ́n Innocent Asonze, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin, ti lo oògùn tí òfin kọ̀, àyẹ̀wò sì ti fi hàn ṣáájú ìdíje náà. Wọ́n gba idẹ náà lọ́wọ́ gbogbo wọn, wọ́n kó o fún Bràsíl, wọ́n sì pa 37.91 rẹ́ kúrò nínú ìwé bí ẹni pé ẹnikẹ́ni kò sá a rí. Obikwelu wà nínú ìdílé tí ó pàdánù náà. Ó di ọmọ Pọ́túgà ní ọdún 2001, Pọ́túgà ni ó sì gba fàdákà fún nínú 100 mítà ní Athens ní ọdún 2004.

Nígbà mìíràn, epo a máa wà ní ìka ẹlòmíràn. Ní Sydney ní ọdún 2000, Clement Chukwu, Jude Monye, Sunday Bada àti Enefiok Udo-Obong sáré 4 x 400 mítà ní ìṣẹ́jú méjì àti 58.68, wọ́n sì ṣe ìkejì sí Amẹ́ríkà. Ní ọdún 2008, Antonio Pettigrew, ọ̀kan nínú àwọn ará Amẹ́ríkà náà, jẹ́wọ́ ní ilé-ẹjọ́ pé òun lo oògùn. Michael Johnson, tí kò sí ẹ̀sùn lọ́rùn rẹ̀, dá wúrà tirẹ̀ padà, wọ́n sì gba ti àwọn yòókù. Ní oṣù Keje ọdún 2012 ni wọ́n tó pàṣẹ pé kí wọ́n fún Nàìjíríà ní wúrà náà. Bada ti kú ní oṣù Kejìlá ọdún 2011. Oṣù méje ni ó fi ṣáájú wúrà rẹ̀ lọ.

Èyí tí ó dùn wá jù ní ìpínlẹ̀ Ògùn ni ti Birmingham. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹjọ ọdún 2022, ní ìdíje Commonwealth, Tóbi Amusan, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, gba wúrà nínú 100 mítà onídènà. Ní ọjọ́ kan náà, ó tún bọ́ sí orí pápá pẹ̀lú Favour Ofili, Rosemary Chukwuma àti Grace Nwokocha fún eré àtagbà. Òun ni ó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n sáré 42.10, wọ́n ṣe ipò kìn-ín-ní, wọ́n fi àsíá bora, wọ́n kọrin. Lẹ́yìn náà ni àyẹ̀wò fi hàn pé oògùn tí òfin kọ̀ wà lára Nwokocha. Wọ́n gba wúrà náà lọ́wọ́ àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n sì fún Ẹ́ńgílándì. Wúrà onídènà, tí Amusan dá sáré gbà, ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.